Ràfátù, Ìyá Eléèébú Bódìjà

Ọjọ́ tí Ràfátù pe odidi ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Ìdìbò ku oṣù méjì. Ọkùnrin kan ti lọ kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ sórí Fesibúùkù, ó ń yin olùdíje tirẹ̀ bí ẹni pé òun ló gbẹ́ kànga tí òjò ti ń pọnmi. Ràfátù, tó ń ta kọ́tìnnì ní Challenge, gbé fóònù rẹ̀ láàárín oníbàárà méjì, ó tẹ ìlà kan péré sí i: "Láti àárọ̀ lẹ ti ń bú ramúramù bíi jẹnẹrétọ̀, gílóòbù kan ṣoṣo ò tàn." Kí wọ́n tó kírun Àsárì, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ọ́jọ́ọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá l'Agbowó ti ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe káńpéènì ní "Jẹnẹrétọ̀". Gbogbo ènìyàn ló rẹ́rìn-ín, àyàfi Alàájì Gbádérọ̀, ọkọ rẹ̀. Owú ló ń jẹ. Ọdún kẹta rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti bú òun gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe pé ilé wọn ní Bódìjà ò gbọ́ èébú rí. Ọmọ Ìgbòho ni Ràfátù, ahọ́n rẹ̀ sì mú. Ṣùgbọ́n ó bọ̀wọ̀ fún ọkọ: kò pe Alàájì ní "ìwọ" rí, ì báà jẹ́ nínú ìbínú. Nígbà tí Gbádérọ̀ lọ ra fíríìjì àlòkù tó ń gbóná dípò kó máa tutù, Ràfátù kúnlẹ̀, ó ní, "Alàájì, ẹ má bínú sí mi. Orí yín jọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n rọ lójú títì. Ó dán, ó léyín, kò ṣílẹ̀kùn." Gbádérọ̀ bínú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó lọ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Fóònù ló ba nǹkan jẹ́. Láti ìgbà tí Ràfátù ti ń bá àwọn olóṣèlú orí ayélujára jà, ilé tòrò. Bó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, á kí ọkọ, á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní kó pẹ̀lẹ́. Gbádérọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ju táwẹ̀lì tútù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ràfátù gbé e, ó lọ sá a. Inú ọkọ bàjẹ́ pátápátá.

Ràfátù ní òfin tirẹ̀ o. Kì í bú ìyá ẹnikẹ́ni, kì í bú ẹ̀yà, kì í bú abirùn, kì í bú òkú. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an kọ ọ̀rọ̀ rírùn nípa ìyá alátakò kan. Ràfátù fi àwọn ọ̀tá sílẹ̀, ó kọjú sí i. Ó ní ìyá ọlọ́mọ ò díje dupò, kó pa ìyẹn rẹ́, kó lọ ro òmíràn wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọmọkùnrin náà tún un kọ kí Ràfátù tó fún un ní márùn-ún nínú mẹ́wàá.

Ẹni tí Gbádérọ̀ kórìíra jù ni ẹnì kan tó ń jẹ́ "Òkúta Odò" lórí Fesibúùkù. Ẹgbẹ́ kejì ló wà, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Òun ló pe Ràfátù ní ìgò àgbo tí kò ní ọmọrí. Ràfátù kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ bi í ta lẹni náà. Ó ní, "Ọ̀tá mi ni," ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹni tó ń dárúkọ àkọ́bí. Bí Òkúta Odò bá dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, Ràfátù á máa ṣàdúà lórí ẹní ìkírun pé kó má jẹ́ àìsàn. Gbádérọ̀ ò lè ṣàmín.

Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, òun náà ṣí ojú ìwé lórí Fesibúùkù. Ó sọ ara rẹ̀ ní "Akọni Òdodo", ó wọ ẹgbẹ́ tí kò dìbò fún rí láyé rẹ̀. Ó jókòó ní pálọ̀, ó kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ tó wà ní kíṣìnnì: "Obìnrin yìí, o ò mọ nǹkan kan." Ó ń retí. Èsì dé: "Ẹ ṣé sà. Ṣé ẹran méjì ni kí n fi sí i, àbí mẹ́ta?"

Ó wọ kíṣìnnì lọ, ó bi í bó ṣe mọ̀. Ràfátù ò bojú wẹ̀yìn. Ó ní àga pálọ̀ àwọn ló wà nínú fọ́tò Akọni Òdodo, fìlà Alàájì sì wà lórí ẹ̀.

"Kí ló dé tí o kì í bú mi mọ́?" ni Gbádérọ̀ bi í.

Ràfátù pa gáàsì. "Alàájì, àwọn wọ̀nyẹn ni mò ń da ìbínú mi lé lórí, kí n lè mú ẹ̀rín wálé bá yín."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ ní ẹ̀rín?" ni ọkọ wí.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru mú Ràfátù lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bàbá kan tó so táì wọlé, ó jókòó sí igun, ó ń sunkún ju mọ̀lẹ́bí lọ. Gbádérọ̀ sún mọ́ ọn, ó bi í ẹni tó jẹ́. Ó ní Theophilus lorúkọ òun, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣe fọtokọ́pì l'Agbowó. Lórí Fesibúùkù, òun ni Òkúta Odò. Owú tó gun Gbádérọ̀ lójú ẹsẹ̀, àfi Ọlọ́run.

"Ẹ̀yin gan-an ni mo wá wò," ni Theophilus wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi jowú yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ tó dáa, Alàájà á ní ó dùn o, àmọ́ kò tíì tó ti Alàájì wọn nílé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bú mi lẹ́ẹ̀kan, kí n gbọ́."

Gbádérọ̀ wò ó. Láti ìgbà tó ti fẹ́ Ràfátù, kò rí èébú gidi kan bú u rí. Ó rò ó, ó tún un rò. Àwọn ààfáà ń wò ó.

"Táì yín," ló sọ níkẹyìn, "ti gùn jù."

Theophilus dúró kó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé ó ti parí, ẹ̀rín gbé e. Ó gbé Gbádérọ̀ náà. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí, Theophilus á wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Bódìjà. Wọ́n á ṣí ojú ìwé Ràfátù, wọ́n á máa ka èébú rẹ̀ síra wọn létí, díẹ̀díẹ̀, kó má baà tètè tán. Bí wọ́n bá dé orí èyí tó kọ sí Theophilus, Gbádérọ̀ á ní kó yára kà á kọjá. Owú náà ò tíì tán lára rẹ̀. Kò sì gbàdúrà kó tán.