Àyà Tó Dákẹ́

Mẹkáníìkì kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Elétí Ehoro. Ẹ má rò pé etí rẹ̀ gùn o, etí èèyàn ló ní! Ọkọ̀ kì í tíì dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí yóò ti sọ ohun tó ń ṣe é. "Béárìn iwájú ló ń ké yẹn." Wọn a tú u wò, béárìn iwájú náà ni. Òfin kan ṣoṣo ló fi ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún: ariwo ni àìsàn ọkọ̀, tí ariwo bá ti lọ, kí ọlọ́kọ̀ máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ó bí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí wọ́n sọ ní Ìyá Àgbà nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọmọ náà ní ikọ́ fée. Nígbà ooru, ẹ ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti wọlé, wàhálà dé nìyẹn. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ, ló mọ gbogbo ètò rẹ̀: ínhélà, oògùn àràárọ̀ tí ọmọ ń fà sínú láti inú ike gbọọrọ kan, ìborùn tí wọ́n fi ń bo imú àti ẹnu rẹ̀ kó tó jáde. Bàbá ní tirẹ̀, etí ló gbójú lé. Yóò gbé etí lé ọmọ láyà, tó bá gbọ́ súfèé nínú èémí rẹ̀, a ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀." Tí kò bá gbọ́ mọ́, a ní, "Ó ti lọ."

"Bàbá Ìyá Àgbà, ọmọ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì o," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ. "Ẹ máa wò ó pẹ̀lú!" Ta ló ń dá a lóhùn?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òtútù mú débi pé gíláàsì fèrèsé ń làágùn. Ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ jí, súfèé bẹ̀rẹ̀. Bàbá fún un ní ínhélà, súfèé ò dúró. Ó tún fún un. Ó gbé etí lé e láyà. Súfèé náà ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó sì pa rẹ́. Ọkùnrin yìí bú sẹ́rìn-ín! "Ó ti lọ! Dìde, ìyá mi, ká máa lọ."

Ìyá Àgbà ò fèsì. Ọmọ tó lè bá ògiri jiyàn, kò fèsì. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìgbà yẹn ni bàbá ká aṣọ ọmọ sókè tó sì wò ó. Abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ń jìn wọnú. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Yéè! Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà níwájú ilé, ó sì ti tú ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ó fa ẹ̀wù kan wọ̀ láìwò ó, ẹsẹ̀ ló sì fi gbé ọmọ sáré dé ilé ìwòsàn ìkángun òpópónà.

Nọ́ọ̀sì fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kàn án. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ó ti lọ nìyẹn, àbí, mà?"

"Bàbá, súfèé ò sí nítorí pé afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́. Àyà tó bá dákẹ́ báyìí, ikú ló ń sún mọ́ ọn."

Wọ́n fi ìbòmú fún ọmọ ní afẹ́fẹ́ inú àgbá, wọ́n fi oògùn tó ń rú bí ìkùukùu tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì ki ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà náà bọ bàbá létí. "Ẹ gbọ́." Kò gbọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà jíjìn, súfèé tín-ín-rín kan.

"Ó ti padà!" ló fi igbe ta.

"Ẹ dúpẹ́. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti ń là."

Háà! Ó ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń mi ilẹ̀ tìtì, kò gbọ́ ohun tó tóbi tó èyí rí. Àyà tí àtẹ́lẹwọ́ kan bò tán! Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, ẹnikẹ́ni ò ṣíná fún un. Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí? Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò rántí pa á dé. Ìyàwó rẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ti pè, sáré wọlé bá a bẹ́ẹ̀. Kò bú u, ó kàn dì mọ́ ọn.

Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó yọ ìbòmú. Ìyá Àgbà wo bàbá rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ fi wọ aṣọ sódì tí gbogbo èèyàn wá ń wò wá?"

Ó sọ ọ́ tán pátá, kò dúró mí lẹ́ẹ̀kan. Bàbá kúnlẹ̀ tì í níbẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Tún un sọ, ìyá mi," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."