Ọdún tí Sòbìà Da Àáró Wa Rú

Èmi ni mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ọ̀gọ̀dọ̀. Kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹni tó bá ń ka èyí má bàa rò pé mo wá ro ẹjọ́ láti jàre. Mo ki ẹsẹ̀ tí sòbìà ń jẹ bọ inú omi tí gbogbo abúlé ń mu, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀.

Abúlé wa kò jìnnà sí Òtu. Mo ka ìwé mẹ́fà, bàbá mi kú, mo padà sóko, ó ku èmi àti ìyá mi. Láyé ìgbà náà, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ọ̀gọ̀dọ̀ kan ṣoṣo la ń pọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mú ni sòbìà ń yọ lára àwọn èèyàn, ní kókósẹ̀, ní orúnkún, lára ọmú obìnrin pàápàá. Á wú, á máa ta bí iná, lẹ́yìn náà awọ á bẹ́, kòkòrò náà á sì yọrí, funfun, gígùn. Ẹ kò gbọdọ̀ fà á já. Ńṣe lẹ ó máa ká a mọ́ igi díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá mú nígbà ebè, kò ní iṣu lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Wolé-wolé kan gun alùpùpù wá láti Òtu, ó kó wa jọ síwájú ilé Baálẹ̀. Ó ní inú omi ni sòbìà ti ń wá, kí ẹni tí tirẹ̀ bá ti bẹ́ má wọ ọ̀gọ̀dọ̀, kí àwọn obìnrin sì máa fi aṣọ sẹ́ omi. Ó ní èyí tí a bá mu lónìí, á tó bí ọdún kan kó tó yọ.

Bàbá àgbà kan bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, n ò tíì jẹ ohun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níkùn mi rí o. Ẹ bá mi bi í bóyá ó jẹun láàárọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá fi egbò wọ ọ̀gọ̀dọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá a ṣe àáró títí ìgbà ebè á fi kọjá.

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn fún àwa ọ̀dọ́ tí kò lágbára alágbàṣe. Mẹ́rin la wà nínú àáró tiwa. Lónìí a ó kọ ebè lóko ẹnì kan, lọ́jọ́ mìíràn lóko ẹlòmíràn, títí á fi yí gbogbo wa ká. Nítorí kókósẹ̀ mi tó ti ń wú, wọ́n fi mí sẹ́yìn pátápátá. Mò ń tiro lọ sí oko tiwọn, mo sì ń kọ ebè.

Oko ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí a jọ ka kéwú lórí wàláà kan, ni awọ náà ti bẹ́. Mo tọrọ gáfárà, mo kọrí sílé. Oòrùn ń ta, ẹsẹ̀ ń jó mi, kò sì sẹ́ni kankan ní ọ̀gọ̀dọ̀. Mo ki ẹsẹ̀ náà bọ inú omi. Ó tutù débi pé omijé bọ́ lójú mi. Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi yọ, ó mú ọkọ́ tí mo gbàgbé sóko rẹ̀ dání.

"Ọ̀rẹ́, kí lò ń ṣe yìí?"

"Ó ń jó mi. Jọ̀ọ́, má sọ fẹ́nì kan."

"Jáde níbẹ̀ ná."

"Fi Ọlọ́run búra."

Kò búra. Ó kàn fà mí jáde, ó ní kí n fi ọwọ́ kọ́ òun lọ́rùn, ó sì sìn mí délé. Èmi ka ìyẹn sí ìbúra.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì, ó dìde ní mọ́ṣáláṣí lójú mi. "Ẹ sọ fún àwọn obìnrin kí wọ́n sẹ́ omi o. Ọ̀rẹ́ mi ti wọ ọ̀gọ̀dọ̀."

N kò mọ ibi tí mo máa gbójú sí. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣíwájú mi. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ pè mí: "Ẹ kú ìwẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi omi ọbẹ̀ wa fọ egbò!"

Nígbà tí àáró kàn mí, ìyá mi ṣì se ẹ̀wà fún àwọn àáró. Ó gbé e lọ sóko, a jókòó tì í títí oòrùn fi rọ̀, ẹnì kankan kò yọjú, ó sì gbé e padà sílé. Kò bá mi wí. Ó kàn ń wo ilẹ̀ tí a kò tíì ro.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi dá wá sóko mi.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá san tèmi."

"Ìwọ lo tú àṣírí mi!"

"Èmi ni. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ilé bàbá rẹ!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí oko. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè pé ṣé kò gbọ́ òfin Baálẹ̀, ó ní òógùn mi ti wà lóko òun kí n tó wọ omi. Ó ń wá títí ó fi kọ ebè dé ìdajì oko. Ìyá mi ń fún un lóúnjẹ, ó ń ṣàdúrà fún un. Èmi ń yíjú síbòmíràn bí ó bá kí mi. Iṣu ìdajì oko yẹn la jẹ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, sòbìà mú ọ̀rẹ́ mi lórúnkún. N kò lè búra pé láti ẹsẹ̀ mi ni, torí àwọn mìíràn wọ omi náà tí ẹnikẹ́ni kò rí wọn. Ṣùgbọ́n mo ka oṣù náà, mo sì rántí wolé-wolé. Àáró wa ti tú nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dé oko rẹ̀. Òun gan-an ní kí n má wá o."

"Mo gbọ́."

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Láàárọ̀, mo gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, mo dé etí oko rẹ̀, mo rí igbó tó bò ó. Ìtìjú ọjọ́ mọ́ṣáláṣí wá padà bò mí. Mo kọjá lọ sí oko tèmi. Nírọ̀lẹ́ ìyá mi ní, "Ṣé o débẹ̀?" Mo ní mo débẹ̀. Ó ní orí mi kò ní burú.

Orúnkún ọ̀rẹ́ mi gan. Ẹsẹ̀ kò ká mọ́. Wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìyàwó rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, níbi tó ti ń bá àwọn ahunṣọ ká òwú.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá láti bẹ̀ ẹ́. Ó na ẹsẹ̀ síwájú, inú rẹ̀ dùn, ó béèrè ìyá mi. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ káàbọ̀," kò sì kúnlẹ̀. Ó ń wò mí. Gbogbo ohun tí mo kó sẹ́nu wá sá lọ, mo wá ń béèrè bóyá òwú ti wọ́n sí i. Kí n má purọ́, ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe ní mọ́ṣáláṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń dùn mí díẹ̀, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé òun ló jàre.

Gbèsè ìdajì oko ni mo jẹ ẹ́, àti ẹ̀bẹ̀ tí mo gbé lọ tí mo sì gbé bọ̀. Ebè, mo lè kọ ọ́ lọ́la bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò lóko mọ́.