Ẹ Kú Iṣẹ́ o, Ẹ̀yin Inú Kọ̀ǹpútà

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí eyín tó kù lẹ́nu mi já bọ́ sínú tíì. Ẹ sì mọ̀ pé ìwọ̀nba ló kù, mi ò lè fi wọ́n ṣeré.

Obìnrin kan wà tí gbogbo ẹbí ń pè ní Olóhùn-Iyọ̀. Ó pẹ́ tó ti ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà lórí fóònù ní ilé-iṣẹ́ kan. Ẹni tó bá fi ìbínú pè é, ẹ̀rín ni yóò fi gbé fóònù sílẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe ní ẹ̀rọ ni yóò máa dá èèyàn lóhùn láti oṣù tó ń bọ̀, kí oníkálùkù wá ibi gbà. Ló bá dójú lé iṣẹ́ máníjà áàpù, ìyẹn ẹni tó ń pinnu ohun tí áàpù yóò máa ṣe fún àwọn tó ń lò ó. Ilé-iṣẹ́ méjì ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, méjèèjì ló dá a padà. Èkejì tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n ń kà látinú ìwé.

Kí ló wá ṣe? Ó tún ń há òmíràn sórí. Yóò kọjú sí ológbò tó ká jọ sórí àpótí aṣọ, yóò ní, "Ẹ ṣé fún ìbéèrè yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́..." Ológbò á yán.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ìyá rẹ̀ ló yọjú.

"Mò ń múra ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni, Màmá."

"Jẹ́ kí ológbò jẹun ná, kó tó gbà ọ́ síṣẹ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, lọ́la tí mo bá ti ilẹ̀kùn, ẹ má wọlé o."

"Kí ni mo ń wá lọ síbẹ̀? Ṣé èmi náà ń wáṣẹ́ ni?"

Ọjọ́ kejì pé. Ọ̀gá obìnrin kan tó wọ awò ojú yọ nínú kọ̀ǹpútà. Áàpù ilé-iṣẹ́ wọn ni àwọn èèyàn fi ń gba àyè láti rí dókítà. Ó béèrè pé kí ló dé tí àwọn àgbàlagbà ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba àyè, tí wọn kì í parí rẹ̀.

"Ẹ ṣé fún ìbéèrè yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́..." Ẹnu ọmọ wa ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ojú ọ̀gá náà ti ń wúwo bíi ti ológbò. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí gbàgà, Màmá wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin inú kọ̀ǹpútà! Àlejò ò lè wọlé mi kí n má kí i."

Ì bá wu Olóhùn-Iyọ̀ kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàsán, Mà. Ṣé ẹ ti lo áàpù wa rí?"

"Mo lò ó títí ó fi sú mi! Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn lọ bá dókítà."

Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ọmọ náà há sórí ti fò lọ. Ohùn tó fi ń gbé fóònù ló jáde. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ibo gan-an ló ti sú yín?"

"Ibi tí mo ti mú ọjọ́."

"Ṣé ẹ ò rí ọjọ́ náà dáadáa ni?"

"Mo rí i kedere. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́ lọ gbári. Mo tún un tẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ṣé ẹni tí kò dáni lóhùn lèèyàn ń bá ṣàdéhùn?"

Olóhùn-Iyọ̀ yíjú sí ọ̀gá. "Mi ò tíì mọ ìdáhùn, Mà. Màmá kan ṣoṣo nìyí. Ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà yòókù bóyá ẹni tó máa sọ pé òun ti gbọ́ ni wọ́n ń dúró dè."

Ọ̀gá náà yọ awò, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tòsí. Ọ̀rọ̀ wá di ìtàkùrọ̀sọ.

Nígbà tí wọ́n parí, ìyá rẹ̀ rọra ní, "Ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Kí ẹ̀rọ tó gba àga rẹ̀ ni wọ́n pè é pé kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá náà ní kó bá òun kí Màmá.

Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, àyàfi ológbò. Kò sí ológbò kankan nílé yẹn. Ògiri lọ́mọ náà ń bá sọ̀rọ̀, ògiri náà sì ni ìyá rẹ̀ ní kó jẹ́ kó sinmi. Àánú ọmọ náà ló ṣe mí, ni mo bá wá ẹnìkan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.