Omi Tí Ẹgbẹ́ Wa Fọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí àgbàlagbà tó ń ṣe bí ọmọdé, ẹ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí Ojúde Ọba bá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Àwa tí a jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà la jọ wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, kò sì sí ohun tó ń jẹ wá lógún ju bí a ó ṣe yọ ju ẹgbẹ́ àwọn àbúrò wa lọ. Lọ́dún yẹn, wọ́n kun ọjà lọ́dà. Àwa ní odò ẹ̀yìn àdúgbò la máa tún ṣe.

Odò náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ ewé ló kàn ní, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Alága wa wò ó, ó yínmú.

"Ṣé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lẹ fẹ́ fi han àwọn tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n?"

A bú sẹ́rìn-ín. A ra oògùn apakoríko, a fín etí odò, a fín ojú omi náà.

Tísà báyọ́lọ́jì ni mí o. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọdọọdún ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé ewé tíntìntín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé yẹn ló ń fún ẹja ní atẹ́gùn, òun náà sì ni oúnjẹ ìṣáwùrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí alága bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí i, fìlà ẹgbẹ́ wà lórí mi. Mo dákẹ́.

Kò pẹ́, omi mọ́ bíi gíláàsì. A ya fọ́tò, a jù ú sórí wáàsáàpù. Èmi ni mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn àbúrò wa wá wo ojú ara wọn níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò ìyá mi pè mí. Ìsàlẹ̀ odò yẹn ló ti ń sin ẹja. Omi odò ló ń ṣàn wọ adágún rẹ̀, ẹja náà ló sì fi ń jẹun látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá epìyà tó dojú ikùn kọ òkè. Àwọn tó kù ń la ẹnu lójú omi. Ewé tíntìntín tí a pa ti ń rà nísàlẹ̀, ó ń bá wọn du atẹ́gùn.

"Tísà," ó ní, orúkọ tó máa ń pè mí tó bá ń fi mí yangàn, "kí ló pa wọ́n?"

"Oògùn ni, mà. Àwa la fín in."

"O wà ńbẹ̀?"

"Mo wà ńbẹ̀, mà."

"Ìwọ tó o kọ́ ọmọ mi ní nǹkan yìí?" Ó rín ẹ̀rín tí kò dénú. "Ó dáa. Alákọ̀wé ẹgbẹ́."

Ó nawọ́ sí àwọn ẹja tó ṣì ń la ẹnu.

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Bí a bá tètè kó wọn sínú omi kànga, díẹ̀ lè yè."

"Ó yá, wá bá mi di àwọ̀n mú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ lórí fóònù ẹ, kí wọ́n má lọ fín odò tiwọn."

Lóòótọ́, ẹgbẹ́ kan ní Ayépé ti ń bèèrè irú oògùn tí a lò. Mo kọ ọ́ pé: "Omi tí ẹ ń yìn yẹn ti kú. Àwa la pa á. Mo sì mọ̀ kí a tó fín in." Àwọn àbúrò wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Alága ń pè. Mi ò gbé e. Mo ká ṣòkòtò mi, mo wọ inú adágún. Epìyà kan fara kan ẹsẹ̀ mi, kò lè sá.