Obìnrin Tó Ń Fẹnu Gbá Gọ́ọ̀fù

Nígbà tí ojú Mẹ́káníìkì ṣì dá ṣáká, kò sí ohun tí ìyàwó rẹ̀ kórìíra lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú bíi gọ́ọ̀fù. Télọ̀ ni obìnrin náà, Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, inú pálọ̀ ilé wọn ló sì ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri tó kọjú sí i, àga ọkọ rẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Bí ọkọ bá ti lè fọwọ́ kan rìmóòtù báyìí, ìyàwó á pòṣé.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ tún ń wò yìí? Àwọn àgbàlagbà tó jẹun yó, tí wọ́n wá ń lé ohun tí kò tó ẹyin adìẹ kiri inú pápá. Wọ́n gbá a, wọ́n rìn. Wọ́n tún gbá a, wọ́n tún rìn. Ta ló rán wọn níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán wọn," ọkọ á dáhùn láìgbójú kúrò níbẹ̀. "Wọ́n ní àwọn ihò tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbá a sí. Ẹni tó bá gbá a níye ìgbà tó kéré jù lọ ló borí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó le ju mọ́tò tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ láàárọ̀ lọ."

Ìdí ẹ̀rọ ìgékoríko ni Mẹ́káníìkì ti mọ gọ́ọ̀fù. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ẹgbẹ́ àwọn agbágọ́ọ̀fù kan máa ń pè é kó wá tún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko pápá wọn ṣe. Bó bá parí iṣẹ́, á dúró lábẹ́ igi, á máa wò wọ́n. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré àwọn ògbóǹtarìgì wá sílé, àwọn tó jẹ́ pé gọ́ọ̀fù ni wọ́n fi ń jẹun, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ọ̀rẹ́ àtijọ́ wá kí. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń gbá a jìnnà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ nítòsí ihò, ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já bí nǹkan bá le. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ọ̀kan tó ń fi ọwọ́ òsì gbá a. Ọlọ́wọ́ Òsì ló ń pè é, àfi bí ẹni pé àdúgbò kan náà ni wọ́n ti jọ dàgbà.

Àìsàn ojú náà kò pariwo kó tó dé. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ti kọ́kọ́ ń ṣókùnkùn, títí ó fi ku ìwọ̀nba díẹ̀ láàárín. Dókítà ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, ó sì sọ òótọ́ fún wọn pé èyí tó ti lọ kò ní padà. Nígbà tó yá, ti àárín náà lọ. Mẹ́káníìkì fa ilé iṣẹ́ lé àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá sílé, ó jókòó. Kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń fi etí mọ àìsàn mọ́tò, òun á fi etí mọ ìyókù ayé náà.

Ibi tí etí ti kùnà ni gọ́ọ̀fù. Ẹni tó ríran ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n á wá kàn sọ pé, "Ẹ wo ìyẹn!" Kí ni ẹni tí kò ríran fẹ́ wò nínú ìyẹn? Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìbejì ń ká etí ṣòkòtò oníbàárà kan, ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń bi afẹ́fẹ́ léèrè pé, "Níbo ló bọ́ sí?" Ohùn rẹ̀ kéré. Obìnrin náà gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ.

"Inú iyanrìn," ó ní.

"Iyanrìn wo? Tọ̀tún àbí tòsì?"

"Tọ̀tún. Ó ti rì bí ẹyin tí adìẹ yé sínú eérú. Ọ̀gá náà sì ti fọwọ́ bojú."

Mẹ́káníìkì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó gbé ṣòkòtò sílẹ̀, ó fa àga rẹ̀ mọ́ ti ọkọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò mọ ọ́n sọ níbẹ̀rẹ̀. Á ní bọ́ọ̀lù ti lọ síbẹ̀ yẹn, ọkọ á ní, "Ibẹ̀ wo, Ìyá Ìbejì? Gbogbo ibẹ̀ ló jọra lọ́dọ̀ tèmi." Ló bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ bí ẹni ń wọn aṣọ: bó ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, ibi tó ti wọ́. Ojú télọ̀ náà ló sì fi ń wo àwọn eléré yẹn. "Ṣòkòtò eléyìí ti fún un jù nídìí," á wí, "kò ní lè yí ìbàdí dáadáa, ẹ ṣáà máa gbọ́." Bọ́ọ̀lù á sì wọgbó lóòótọ́, ọkọ á máa pàtẹ́wọ́. Géńdé gíga kan wà tó ń gba ife káàkiri, tí kò sí aṣọ tí kò yẹ ẹ́; Ìyá Ìbejì sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò. Kò pẹ́ tóun fúnra rẹ̀ fi mọ ẹni tó wà lókè àti ẹni tó ń yọ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí ọkọ bá gbàgbé bí Agùntáṣọọ́lò ṣe ṣe ní ìdíje tó kọjá, òun ló ń rán an létí.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbìyànjú láti tàn án. Ọlọ́wọ́ Òsì fẹ́ ti bọ́ọ̀lù sínú ihò láti ibi tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ó tàsé. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, ó ní, "Ó wọlé."

Mẹ́káníìkì yíjú sí i. "Ìyá Ìbejì, bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, 'Héè!' làwọn èèyàn ń ké. 'Áà' ni mo gbọ́ yìí. Ta ló ń ké 'áà' nígbà ayọ̀?"

"Mo fẹ́ kí inú yín dùn ni."

"Inú mi dùn tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni kó o máa fún mi. Bí mo bá fẹ́ bínú, bí mo bá fẹ́ yọ̀, ìyẹn dọwọ́ mi."

Kò tún dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ilé wọn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Ó ní sísọ́ọ̀sì lòun wá yá, àmọ́ kò padà lọ. Oníbàárà rẹ̀ wá a wá, aṣọ ìgẹrun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, apá kan orí ti mọ́, apá kejì kò tíì mọ́. Òun náà wá àyè jókòó. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gẹrun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, pálọ̀ Ìyá Ìbejì ló ń dúró sí.

Ọjọ́ tí gbogbo wọn kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ìdíje tó tóbi jù lọ lọ́dún. Ọlọ́wọ́ Òsì àti Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n jọ ń gbá a, wọ́n sì ń lé ara wọn bọ̀ láti ihò dé ihò. Pálọ̀ kún, àwọn kan jókòó lórí ìdì aṣọ. Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí nǹkan dún "pọ́ọ̀!" nínú tẹlifíṣọ̀n, ohùn sì lọ. Àwòrán wà, kò sí ohùn. Onígbàjámọ̀ dìde, ó fẹ́ gbá a létí.

"Má lù ú," Mẹ́káníìkì ní. "Sípíkà ló jó. Mo gbọ́ bó ṣe kú, lílù ò ní jí i."

"Ó parí nìyẹn," oníbàárà kan ní. "A ò ní mọ ohun tó ń lọ mọ́."

Ìyá Ìbejì yíjú sí i. "Ta ni ò ní mọ̀? Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé ẹnu wọn ni mo ń yá lò? Ẹ jókòó."

Ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ihò tó kẹ́yìn ló kù, àwọn méjèèjì sì wà lọ́gbọọgba.

"Bọ́ọ̀lù Ọlọ́wọ́ Òsì wà nínú koríko gíga, ìdajì ẹ̀ ò hàn. Odò wà níwájú ẹ̀, ihò wà lódìkejì odò. Agùntáṣọọ́lò ti kọjá ní tiẹ̀, ó ti wà lórí koríko kúkúrú nítòsí ihò. Ọlọ́wọ́ Òsì mú ọ̀pá kan. Ó dá a padà. Ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ẹni tó ń bá a gbé ọ̀pá ń nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fẹ́ kó gba ibi tí kò séwu. Ọlọ́wọ́ Òsì mirí. Kò gbà."

"Kò lè gbà," Mẹ́káníìkì ní. "Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó ti dúró. Ó wo ọ̀ọ́kán. Ó wo bọ́ọ̀lù. Ó ti gbá a! Koríko bá a fò sókè. Ó ga, ó ń lọ, ó ti ń wálẹ̀, omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó kù díẹ̀... Ó kọjá! Ẹsẹ̀ bàtà kan ló fi kọjá omi! Ó ń yí, ó ti dúró. Bí ibi tí Bàbá Ìbejì jókòó sí dé ẹnu ọ̀nà yẹn ló ṣe jìnnà sí ihò."

Ariwo sọ. Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Agùntáṣọọ́lò ti tirẹ̀, ó wọlé. Ó wá ku Ọlọ́wọ́ Òsì nìkan. Bí tirẹ̀ bá wọlé, wọ́n ṣì jọ wà lọ́gbọọgba. Bí kò bá wọlé, ó tán.

"Ó ti lóṣòó, ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́. Ó dìde. Ó tì í. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń yà díẹ̀ sí òsì, ó tún tọ́, ó ti dé ẹnu ihò..."

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ bo ojú. Kò sí "Héè!" kò sí "Áà" tí etí Mẹ́káníìkì lè gbọ́. Ó kọjú sí ibi tí ohùn ìyàwó rẹ̀ ti ń wá, ó ń dúró.

"Kò wọlé," Ìyá Ìbejì ní. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ó yí ètè ihò ká, ó jáde. Agùntáṣọọ́lò ló gba ife."

Mẹ́káníìkì mí kanlẹ̀. "Báwo ló ṣe gbà á?"

"Ó ṣí fìlà. Ó ń lọ bọ Agùntáṣọọ́lò lọ́wọ́. Kò yára, kò sì wọ́sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Ó dáa. Ó kọjá odò náà, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń tú ká, oníbàárà tó sọ pé ó ti parí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá, ojú mi méjèèjì ni mo fi wò ó, àmọ́ ẹnu yín ló jẹ́ kí àyà mi já." Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yìí kò ríran, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú. Oníbàárà náà ròyìn rẹ̀ délé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Alága fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀pá funfun rẹ̀ kan ilẹ̀kùn télọ̀.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ̀ ń fẹnu gbá gọ́ọ̀fù."

"Mo ń gbá a, bàbá. Tèmi ò sì tíì jábọ́ sódò rí."

Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri mú. Ó ní rédíò ń sọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fáwọn, kò sẹ́ni tó ń sọ gọ́ọ̀fù, àwọn ní gbọ̀ngàn, àwọn ní tẹlifíṣọ̀n tẹ́nì kan fi ta àwọn lọ́rẹ, ṣé ó lè wá máa sọ ọ́ fáwọn lọ́jọọjọ́ Àìkú?

"Màá wá. Kí ọkọ mi ṣáà máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kẹ́nikẹ́ni má sì já lu ọ̀rọ̀ mi bí wọ́n bá fẹ́ gbá a."

"Èyí ẹ̀yìn yẹn á le díẹ̀. Ẹnu àwọn èèyàn mi kì í dí."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Mẹ́káníìkì ló wá rí ohun tí wọn kò rí. Ó ní òun ti fojú wo pápá yẹn kí ojú òun tó lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí i rí, bí wọ́n bá ní iyanrìn wà lọ́tùn-ún, kí ló fẹ́ fi mọ̀ ọ́n? Ìyá Ìbejì ronú sí i, ó tú àpò àjákù aṣọ rẹ̀. Ó gé àrán fún koríko kúkúrú tó yí ihò ká, ó gé táwẹ́ẹ̀lì fún koríko gíga, ó fi sátínì ṣe odò, ó lẹ pépà ṣákiṣàki táwọn káfíńtà fi ń ha pákó mọ́ ibi iyanrìn. Bọ́tìnì kan ló dúró fún ihò. Ó rán gbogbo rẹ̀ mọ́ aṣọ líle kan, ó gbé e sórí itan ọkọ.

Mẹ́káníìkì fi ìka rìn ín já. "Odò ẹ tóbi jù."

"Bó ṣe tóbi nìyẹn."

"Bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ gbá kọjá ẹ̀, wọn ò fẹ́ wa ọkọ̀ ojú omi. Dín in kù."

Ó kùn, ó sì dín in kù. Nígbà tó dára tán, ó rán òmíràn sí i, títí tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn fi ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wọ gbọ̀ngàn náà bí ẹni tó ń wọ ilé ara rẹ̀. Ó kí wọn, ó pín aṣọ náà káàkiri, ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan kí wọ́n máa gbé e lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. "Ó mà kéré o!" "Ó le bí òkúta!" Eré kò tíì gbóná tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀: Ìyá Ìbejì ní eléré kan fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sọdá odò. Ìyá àgbà kan tó ti fìgbà kan jẹ́ nọ́ọ̀sì fi ìka lé etí sátínì.

"Kí ló dé tí kò gba ẹ̀gbẹ́ ibí yìí kọjá? Koríko wà níbẹ̀, kò séwu."

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, á pẹ́ kó tó débẹ̀," Alága ní.

"Ká pẹ́ ká dé kò sàn ju ká bọ́ sómi?"

"Ẹni tó bá ń pẹ́ ò lè gba ife!" Mẹ́káníìkì ti da tirẹ̀ sí i, ó ti gbàgbé pé wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀. Ọ̀tún ń ké, òsì ń dáhùn, ìka gbogbo wọn sì wà lórí àrán àti táwẹ́ẹ̀lì.

Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ síbàdí. "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ pa ẹnu dé. Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti gbé ọ̀pá sókè."

Gbọ̀ngàn náà pa lọ́lọ́.