Ìkòkò Iyọ̀ Onígi

Bàbá Ọlọ́mọrí ni wọ́n ń pe ọ̀gá kan tó ń fi ẹ̀rọ yí igi, tó ń fi irin gbẹ́ ẹ di ìkòkò. Ọmọrí tó bá ṣe kì í há, kì í sì í dẹ̀. Béèyàn bá ṣí i, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í yìn ín. Ọdún tí wọ́n fẹ́ra ló gbẹ́ ìkòkò iyọ̀ kan fún un látara igi tútù. Igi gbẹ, ó lọ́, ọmọrí há pẹ̀lú iyọ̀ nínú. Obìnrin náà a máa gbé e han àlejò.

"Ẹ wo ìkòkò ọkọ mi. Iyọ̀ inú ẹ̀ ò lè tán láéláé."

Nígbà tí orí àwọn méjèèjì ti funfun, ọkọ ní òun á ṣe òmíràn. Ó yí i lẹ́ẹ̀kíní, ó jẹ́ kó nípọn, ó gbé e sórí pẹpẹ kó gbẹ fún ọdún kan kó tó parí rẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ nìyẹn. Ìyàwó ló mọ̀wé jù. Ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ sí ìdí rẹ̀, ó fi kún un pé: Ẹ má kánjú o.

Láràárọ̀, tó bá gbé omi wá fún un, á béèrè pé, "Ṣé ó ti gbẹ?" Ọkọ á ní rárá. Ìyàwó á ní, "Èmi náà ń gbẹ o." Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹjọ tí igi ti wà lórí pẹpẹ ni ìyàwó kú.

Láti ìgbà náà, bí bàbá bá ti pa ẹ̀rọ, tí ìró rẹ̀ rọlẹ̀, á gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀: Ṣé ó ti gbẹ? Ohùn náà kì í le. Níbẹ̀rẹ̀ ó máa ń bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó yá, kò bojú wẹ̀yìn mọ́, á kàn dáhùn pé kò ì gbẹ.

Irọ́ ni. Ọdún pé, òmíràn kọjá. Ó gbé e sórí ìwọ̀n, kò fúyẹ́ sí i mọ́, omi inú rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ tẹ́jú kó tó jókòó. Bí irin bá kan ibẹ̀, ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ á bá èérún igi lọ. Àti pé bó bá sọ pé ó ti gbẹ, kí ni olóhùn á tún wá bi í?

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin wá lọ́jọ́ kan, ó gbé igi náà, ó fi ìka kàn án.

"Bàbá mi, èyí ti gbẹ tipẹ́."

Bàbá nawọ́ kó gbà á padà.

"Màmá ní kí n gbà á lọ́wọ́ yín. Orí ibùsùn àìsàn ni wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ ò ní fẹ́ parí ẹ̀."

Bàbá gbé e sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Igi ti lọ́ díẹ̀; irin ń ta á tọ́, tọ́, kó tó wá dán. Ó gbẹ́ inú rẹ̀, ó ṣe ọmọrí rẹ̀, ó fi wáyà tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń yí títí ó fi jó òrùka dúdú mẹ́ta yí i ká. Ó wá ku ìdí tí ìyàwó kọ̀wé sí. Ó gbé irin sún mọ́ ọn, ó gbé e kúrò. Ó pa ẹ̀rọ, ó tẹ́tí.

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ gbé ìkòkò sórí tábìlì. Ìkòkò náà ò jókòó dáadáa, ó ń mì.

"Ẹ bá mi fá ìdí ẹ̀, bàbá mi."

"Jẹ́ kó máa mì."

Bàbá fi ìka tẹ ọmọrí. Ìkòkò náà kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, kọ́, kọ́, ó dúró bí ẹni tó ń retí èsì.

"Ó ti gbẹ," ni bàbá wí.