Wọ́n Ní A Gé Igbó Lórí Àpáta

Títí di òní, inú máa ń bí mi tí mo bá rántí ìgbà tí mo ń ra kòkó fún iléeṣẹ́ òyìnbó kan ní Odode. Ọ̀gá méjì ni mo ní. Àwọn ti òkè òkun ní n kò gbọdọ̀ ra kòkó lọ́wọ́ ẹni tó bá gé igbó dáko. Ọ̀gá wa ní Èkó ní bí sítọ̀ọ̀ mi kò bá kún kí oṣù tó parí, òun máa tì í pa. Kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe fẹ́ ṣe méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá tó tọ́ mi dàgbà, kó àpò kòkó mẹ́fà wá. Mo tẹ nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ fún oko wọn sínú kọ̀ǹpútà, ó pọ́n, ìyẹn ni pé n kò gbọdọ̀ ra kòkó wọn. Àwọn ti òkè òkun ti fi àwòrán tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run wo oko náà, ibì kan pá láàárín igi, wọ́n ní Ìyá ti gé igbó níbẹ̀.

Àpáta ni, ẹ̀yin èèyàn! Àpáta tí Ìyá ń sá kòkó sí láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ, tí èmi náà fẹsẹ̀ tú kòkó lórí rẹ̀ nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo sáré lọ sí oko, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Èsì tó dé ni pé àwòrán ojú ọ̀run ni àwọn gbà gbọ́. Mo pe Èkó.

"Rà á jàre," ni ọ̀gá wí. "Kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i."

"Sà, ẹ bá mi fi ìyẹn sínú ìméèlì."

Ó pa fóònù. Mo mọ̀ pé tí àṣírí bá tú, èmi nìkan ni wọ́n máa lé. Ẹ̀rù bà mí, mo ní kí Ìyá máa kó kòkó wọn lọ.

"Ìwọ?" ni Ìyá wí. "Ìwọ tí o mọ àpáta yẹn?"

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà wá wo àwọn oko. Nígbà tá a dé oko Ìyá, ó rí àpáta, ó gun orí rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n ya òun.

Ìyá dúró lábẹ́ igi kòkó pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. "Kí ló ń wí?"

"Ó ní ibẹ̀ rẹwà, Ìyá."

"Sọ fún un kó sọ̀ kalẹ̀. Igbó tí mo gé ló dúró lé."

Mo gbé fóònù òyìnbó náà sókè. Mo ya fọ́tò rẹ̀.